Ojú Kẹtàdínlógún

Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ra ìwé yìí ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀, léfà méjì àbọ̀ nínú owó wa. Mo sọ fún obìnrin tó ń tajà pé iye tí tàtàsé ń jẹ́ ni mo fẹ́ máa kọ sínú rẹ̀. Irọ́ ni. Ẹni tó fẹ́ kọ iye tàtàsé kì í ra ìwé tó ní èèpo líle.

Kùrukùru ti bo odò Dunav láti àárọ̀. Òdìkejì odò, níbi tí àwọn ará Romania wà, ti pòórá. Tí mo bá ń gba etí odò lọ síbi iṣẹ́ ní irú àárọ̀ yìí, ó máa ń ṣe mí bíi pé ayé parí sí ibi tí omi ti bẹ̀rẹ̀, pé òwú ni gbogbo ohun tó kù.

Ọ̀sẹ̀ kẹta mi rèé níwájú gíláàsì kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́. Àwọn arúgbó abúlé á jókòó sí ilé ìdáná wọn, tábúlẹ́ẹ̀tì tí olùpín-lẹ́tà gbé fún wọn á wà níwájú wọn, ohùn inú rẹ̀ á sì bi wọ́n pé: "Ṣé ẹ gbà láti kó lọ sí Ilé Lipa, ilé ìtọ́jú àwọn àgbà, kí òtútù tó dé?" Wọn á fi orí dáhùn. Ẹ̀rọ á kọ Bẹ́ẹ̀ ni tàbí Rárá. Èmi á wo àwòrán wọn lójú gíláàsì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, màá tẹ bọ́tìnnì pé mo ti rí i. Òfin ló ní ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ dá pinnu ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn, ojú ènìyàn gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i. Àwa ni ojú náà. Mẹ́tàlélógún ni wá nínú yàrá kan, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi ń kọ wá sílẹ̀. Èmi ni Ojú Kẹtàdínlógún.

Zhivka ni Ojú Kejìdínlógún. A jọ ránṣọ fún ọdún mọ́kàndínlógún kí ilé iṣẹ́ aṣọ tó kógbá sílé. Ó ní, "Nedyalka, ọwọ́ la fi ń jẹun tẹ́lẹ̀, ojú la fi ń jẹun báyìí. Imú ló kù."

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kẹsàn-án

Òjìlúgba orí lónìí.

Zhivka bá Yavor, ọ̀gá wa, fa ọ̀rọ̀ lórí ìwé ìlànà. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ wá. Ojú ewé kẹta ni ìjà wà: orí tó lọ sókè tó bọ̀ sílẹ̀, Bẹ́ẹ̀ ni, orí tó mì sọ́tùn-ún sósì, Rárá.

"Ọ̀gá, ta ló kọ èyí? Ìyá ta ló ń ṣe báyìí?"

"Gbogbo ayé, màmá Zhivka. Gbogbo ayé ló ń ṣe báyìí, àfi àwa."

"Kí gbogbo ayé wá kó lọ sí Lipa nígbà náà, kí wọ́n fi àwọn àgbà wa sílẹ̀."

Yàrá bú sẹ́rìn-ín, Yavor náà rẹ́rìn-ín. Ó fi ogún ọdún kéré sí wa, màmá tó sì ń pè wá yẹn máa ń bí Zhivka nínú. Ó ní kí a fọkàn balẹ̀, àwòrán kan wà lójú tábúlẹ́ẹ̀tì tó ń fi bí wọn yóò ṣe ṣe orí han àwọn àgbà. Ohùn ni wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú, ó ní, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó gbọ́ èdè Sofia, olú-ìlú, kò gbọ́ èdè Vidin tiwa níhìn-ín. Bàbá kan tí etí rẹ̀ di ní "Hẹ́n-ẹn?", ẹ̀rọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé bàbá ti gbà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ mọ́. Orí nìkan.

Mo rò ó nínú bọ́ọ̀sì títí mo fi kọjá ibi tó yẹ kí n bọ́ sí. Ìyá mi, tó bá kọ nǹkan, àgbọ̀n rẹ̀ á lọ sókè bí ẹni tó ń wo ẹyẹ, á wá rọra bọ̀ wálẹ̀. Tó bá gbà, orí rẹ̀ á máa mì jẹ́jẹ́ lápá méjèèjì bí ẹ̀ka tí atẹ́gùn ń bá ṣeré. Báwo ni àwòrán kan ṣe fẹ́ yí ọgọ́rin ọdún padà? Ṣùgbọ́n ta ni mí? Girama ni mo kà mọ. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ á ti rò ó.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kẹsàn-án

Tàtàsé, léfà méjì kílò kan. Mo yan kílò mẹ́wàá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Gbogbo àdúgbò ló ń yan tiwọn, èéfín dídùn so ilé kan mọ́ èkejì títí tí n kò fi mọ ibi tí ògiri tèmi parí sí. Ìka mi ṣì ń ta mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo lá àlá lánàá pé mo dúró sínú odò dé orúnkún, orí ènìyàn sì hù káàkiri inú omi bí eèsún. Atẹ́gùn fẹ́. Gbogbo wọn lọ sókè, gbogbo wọn bọ̀ wálẹ̀. Mo ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wí. Omi kún ẹnu wọn.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Oṣù Kẹsàn-án

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kọ. N kò kọ ọ́. Òjò winniwinni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Kẹwàá

Ó dáa. Kí n kọ ọ́ kí n sinmi.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì mi lẹ́nu iṣẹ́, kí Zhivka tó bá Yavor jà rárá, ìyá kan yọ sójú gíláàsì mi pẹ̀lú ìborí dúdú. Kò wọ awò ojú. Àwòrán tí Yavor ń fi yangàn yẹn kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Ohùn bi ìyá náà. Orí rẹ̀ lọ sókè lẹ́ẹ̀mejì, ó di ojú, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ ti afẹ́fẹ́ dànù bí ẹni tó ń lé adìyẹ kúrò nídìí oúnjẹ. Ẹ̀rọ kọ Bẹ́ẹ̀ ni. Mo rí ọwọ́ yẹn. Mo tẹ bọ́tìnnì.

Mo ti mọ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó tàn mí. Ìwé ìlànà ní orí nìkan la ó wò, mo sì sá sábẹ́ ìwé náà bí ọmọdé tó sá sábẹ́ tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta. Láti ìgbà náà mo ti rí ètè tó ń sọ rárá láìsí ohùn. Mo ti rí bàbá kan tó dìde tó sì jáde kúrò nínú àwòrán. Mo tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín tí orí wọn ń mì jẹ́jẹ́, mo tẹ Rárá fún wọn.

Mo máa ń sọ fún ara mi pé ẹ̀rù ló bà mí. Bóyá irọ́ nìyẹn náà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí mo jókòó sílé, ẹnìkan fún mi ní àga tó ń yí, iná tí kì í kú, àti ibi tí kò ti sẹ́ni tó ń bi mí pé kí ni èrò mi. Ó dùn mọ́ mi. Mo máa ń wo àwọn ojú yẹn tí wọ́n ń léfòó kọjá, ọkàn mi á sì máa léfòó tẹ̀ lé wọn bí ewé lójú omi. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ṣe ibi ló ń fọwọ́ líle ṣe é. Òmíràn ń tòògbé.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Kẹwàá

Tíṣà Evdokia.

Agogo mọ́kànlá kọjá díẹ̀. Mo ti tẹ mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Èyí tó tẹ̀ lé e jáde, ilé ìdáná tó ní aṣọ fèrèsé aláwọ̀ ewé, obìnrin kan jókòó tààrà bí ọ̀pá ìdiwọ̀n. Ìṣirò onígun ló kọ́ wa ní girama. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni ìwé sọ. Ohùn bi í. Àgbọ̀n rẹ̀ lọ sókè, ó dúró sókè fún ìgbà díẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe tí ọmọ kan bá fa ìlà wíwọ́ sójú pátákó, ó bọ̀ wálẹ̀, ó tún lọ sókè.

Ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́ kí n tó pe orúkọ rẹ̀ tán nínú mi.

Bẹ́ẹ̀ ni. Ojú 17. Kò sí bí mo ṣe lè fà á padà. Mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ṣí omi, mo kàn ń wò ó bó ṣe ń lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kẹwàá

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Dolna Vrana, abúlé Tíṣà. Kùrukùru wà nílẹ̀ títí dé orúnkún, àwọn igi àsálà dúró lórí rẹ̀ bí ohun tí wọ́n gbé kọ́ sófuurufú. Ilé mẹ́fà nínú mẹ́wàá ló ti ní àgádágodo lẹ́nu.

Tíṣà kò tíì rí mi dáadáa tó fi mọ̀ mí. Ohùn tí mo fi kágò ló mọ̀.

"Nedyalka ọmọ Mincho! O ti sanra."

"Ẹ kú àtijọ́, Tíṣà."

"Ó yẹ ọ́. Nu ẹsẹ̀ rẹ kó o tó wọlé."

Ó ń fọ́ àsálà, ó ń fi ìka wá inú èèpo, ojú rẹ̀ sì wà lára ògiri. Ó ní kí n mú lẹ́tà tó wà lábẹ́ ìgò epo. Mo mọ lẹ́tà náà, nítorí irú rẹ̀ ń jáde lọ́dọ̀ wa lójoojúmọ́: pé wọ́n kí i kú oríire, pé ó ti gbà, pé ọkọ̀ Lipa yóò wá gbé e ní ọjọ́ kọkànlá Oṣù Kọkànlá.

"Mo tẹ̀ wọ́n láago," ó ní. "Mo ní n kò gbà. Ọmọbìnrin kan ní, 'Màmá, ẹ ti gbàgbé ni, àgbà máa ń gbàgbé.' Èmi! Mo ṣì rántí máàkì tí mo fún ọ nínú ìdánwò onígun mẹ́ta."

"Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà."

"Méjì. Méjì nínú mẹ́fà! O sì wo ìwé Zhivka kó o tó rí méjì yẹn gbà."

A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ pa tábìlì láti igun kan dé èkejì.

"Ojú mi ń lọ, Nedyalka. Nínú ilé yìí ọwọ́ mi mọ ibi gbogbo. Mo mọ iye ìgbésẹ̀ dé ibi kànga, mo mọ pákó tó ń ké àti èyí tí kì í ké. Tí wọ́n bá gbé mi lọ, afọ́jú ni n ó jẹ́ níbẹ̀. Níhìn-ín, arúgbó lásán ni mí."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Tíṣà.

"Ka ìlà tó gbẹ̀yìn fún mi."

Mo kà á: Ojú ènìyàn ti jẹ́rìí sí ìpinnu yìí.

"Ìyẹn ló ń dùn mí jù," ó ní. "Ẹ̀rọ, ó dáa, irin ni. Ṣùgbọ́n ẹnìkan wò mí. Ẹnìkan jókòó síbì kan, ó wo ojú mi bí mo ṣe ń kọ̀, ó ní mo gbà. Ṣé ẹni yẹn ò ní ìyá ni?"

N kò sọ fún un. Mo gba àsálà tó fi sínú ọ̀rá fún mi, mo dúpẹ́, mo dúró ní ibùdókọ̀ fún wákàtí kan àbọ̀. Kò sí ohun tó ṣòro nínú sísọ ọ́. Ọ̀rọ̀ méjì ni. Èmi ni.

Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Kẹwàá. Ọjọ́ Petka Mímọ́

Mo sọ fún Zhivka lórí bẹ́ǹṣì etí odò nígbà ìsinmi ọ̀sán. Ó gé banitsa rẹ̀, búrẹ́dì oníwàràkàṣì, sí méjì, ó fún mi ní èyí tó kéré.

"Tíṣà fúnra rẹ̀?"

"Òun fúnra rẹ̀."

"Ọlọ́run ò. Ó máa ń lù mí lọ́wọ́ ju ẹ lọ." Ó jẹun díẹ̀. "Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ sọ fún Yavor pé a mọ̀."

"A? Ta ni a?"

"Èmi. Mo mọ̀. Ṣé ìwọ ò mọ̀ ni?"

"Ta ni kò mọ̀, Nedyalka? Gbogbo yàrá ló mọ̀. Ohun tí gbogbo ènìyàn bá mọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n." Ó nu ọwọ́ sí yẹ̀rì rẹ̀. "Gbọ́ mi. Nọ́ńbà ta ló wà lórí ìwé? Ti ẹ̀rọ ni? Ẹ̀rọ kì í lọ ẹ̀wọ̀n. Ìwọ rò pé nítorí ojú rere wa ni wọ́n ṣe gbé wa síbẹ̀? Wọ́n gbé wa síbẹ̀ kí òfin lè rí ẹni mú. Agbòjò ni wá. Wọ́n á lò wá tí òjò bá rọ̀."

"Tíṣà ní ṣé ẹni yẹn ò ní ìyá ni."

Ó jẹ èyí tó kù tán. Ọkọ̀ ojú omi kan kọjá nínú kùrukùru, a gbọ́ ohùn rẹ̀, a ò rí i.

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Kẹwàá

Mo sọ fún Yavor. Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sórí ìwé kékeré, mo sì gbàgbé ìwé náà sílé. Mo ṣáà sọ ọ́.

Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Ẹ fún mi ní ọjọ́ díẹ̀, màmá Nedyalka."  Mo padà sídìí iṣẹ́. Mo wo orí mẹ́rìnlá, n kò tẹ ọ̀kankan. Iná pupa kékeré ń tàn lókè gíláàsì mi títí di agogo márùn-ún.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Oṣù Kẹwàá

Ẹyin wọ́n sí i. Yavor kì í wo ojú mi. Wọ́n ti gbé mi kúrò nídìí gíláàsì, wọ́n ní kí n máa to fáìlì.

Ọjọ́ Ajé, 21 Oṣù Kẹwàá

Mo lá àlá pé ìyá mi jókòó sínú gíláàsì. Mo bi í pé ṣé ó rí mi. Orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ. Mo jí pẹ̀lú ayọ̀ tí n kò mọ ibi tó ti wá. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ dúró sára ògiri bí wàrà.

Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Kẹwàá

Lọ́yà ilé iṣẹ́ dé láti òkè. Teodosia lorúkọ rẹ̀. Vienna ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Èdè wa mọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí abọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì jẹun nínú rẹ̀. Ó fara balẹ̀, ó bọ̀wọ̀ fún mi, ó bu omi fún mi. Yavor jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Ó ní ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ yìí pín sí. Tó bá jẹ́ pé n kò mọ̀, àṣìṣe ìtumọ̀ ni, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Wọn yóò tún ojú ewé kẹta ṣe fún ọdún tó ń bọ̀, orúkọ tó wà nílẹ̀ yóò dúró bó ṣe wà, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè kọ̀wé. Tó bá jẹ́ pé mo mọ̀ tí mo sì jẹ́rìí, ìjẹ́rìí èké ni. Ìjẹ́rìí èké kò jẹ́ ìjẹ́rìí. Gbogbo orúkọ tí nọ́ńbà mi wà lábẹ́ rẹ̀ yóò di òfìfo lójú òfin, wọn yóò sì ní láti tún bi gbogbo wọn.

"Àti èmi?" mo ní.

"Ẹ̀yin, ó ṣeé ṣe kí adájọ́ pè yín."

Ó gbé bírò. "Arábìnrin Mincheva, nígbà tí ẹ ń tẹ bọ́tìnnì yẹn, ṣé ẹ mọ̀ pé òdìkejì ni àwọn ènìyàn yìí ń sọ?"

  Mo fi orí dáhùn bí ìyá mi ṣe ń fi orí dáhùn, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe láti ìgbà tí a ti wà nínú ìtẹ́ ọmọ. Orí mi mì sọ́tùn-ún, ó mì sósì.

Lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀: Kò mọ̀.

Mo rí i bó ṣe kọ ọ́. Mo wo Yavor. Ọmọ Vidin ni Yavor. Ìyá rẹ̀ ń ta òdòdó lẹ́nu ọ̀nà itẹ́ òkú. Ó rí orí mi, ó sì mọ ohun tó wí. Ó wo ìta fèrèsé.

"Ó ti dáhùn," ó ní pẹ̀lú ohùn kékeré. "Ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ."

Àánú ló fi ṣe é. N kò lè pè é ní ohun mìíràn. Ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi, gbogbo ohun tí mo sì ní láti ṣe ni kí n jókòó jẹ́ẹ́. Yàrá náà gbóná, ó kún fún ìmọ́lẹ̀, oorun sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn mí, oorun àtijọ́ yẹn, tí mo fi sùn láti Oṣù Kẹjọ. Kò sí irọ́ kankan lẹ́nu mi. Bí n ó ṣe fi òótọ́ parọ́ nìyẹn, kí n sì lọ sílé lọ jẹ elégédé sísè.

Mo ní, "Ẹ fa ìlà sí i."

"Ẹ ní kí ni?"

"Ohun tí ẹ kọ yẹn, ẹ pa á rẹ́. Ẹ fa ìlà sí i. 'Bẹ́ẹ̀ ni' ni mo wí. Mo mọ̀. Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ti mọ̀."

Ó wo orí mi, ó wo Yavor, ó wo ìwé rẹ̀. Mo rí i bí ó ṣe ń yé e, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi nìkan, gbogbo rẹ̀. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó tún gbé e, ó kọ ohun tí mo wí, ó sì ti ìwé náà sí mi.

Mo buwọ́ lù ú. Orúkọ mi ni mo kọ. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nọ́ńbà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Oṣù Kẹwàá. Ọjọ́ Dimitar Mímọ́

Ọjọ́ tí àwọn bàbá wa máa ń dá àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́tà tèmi dé lónìí: ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún Oṣù Kọkànlá ni iṣẹ́ mi parí. Bóyá ẹnìkan ní òkè mọ àṣà.

Zhivka wọlé láìkànlẹ̀kùn, ó ju àpò sórí àga.

"Wèrè ni ẹ́," ó ní.

"Mo mọ̀."

"Èmi náà ti buwọ́ lu tèmi. Má wò mí báyẹn. Mi ò fẹ́ kí Tíṣà lù mí lọ́wọ́ lọ́run." Ó ṣí ìkòkò mi, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. "Ojú méje ló ti kọ báyìí. Àwọn yòókù ní àwọn ò mọ nǹkan kan."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kọkànlá

Wọ́n ní kí àwa tó buwọ́ lù ú lọ tún bi àwọn àgbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, lójú ara wa, lẹ́nu, kí iṣẹ́ wa tó parí. Dolna Vrana bọ́ sí èmi àti Zhivka. Orúkọ mọ́kànlélógún. Ẹsẹ̀ mi tutù bí òkúta.

Ilé Tíṣà ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo ní kí Zhivka dúró síta. Mo bi í bí wọ́n ṣe ní ká bi wọ́n. Ó ní, "Rárá," ó ní kí n fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, kí ìlà náà sì tọ́.

Lẹ́yìn náà mo sọ ọ̀rọ̀ méjì yẹn.

Iná ń jẹ igi nínú ààrò. Kò fọwọ́ kàn mí. Kò ní kò burú. Ó ní, "Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ lọ́jọ́ tí o jẹ àsálà mi?"  Ó ní kí n pa ilẹ̀kùn dé dáadáa bí mo bá ń lọ, nítorí atẹ́gùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Oṣù Kọkànlá

Mẹ́rìnlá ní rárá. Mẹ́fà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ilé tó gbẹ̀yìn wà létí odò, níbi tí ọ̀nà ti di ẹrẹ̀. Lozan Petkanov, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, awakọ̀ ojú omi tẹ́lẹ̀. Lórí ìwé: Rárá. Ojú 17. 10 Oṣù Kẹsàn-án.

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Yàrá tutù ju ìta lọ. Kò sí ààrò níbẹ̀, ihò tí páìpù rẹ̀ gbà jáde nìkan ló wà lára ògiri, ó fi aṣọ dí i. Bàbá Lozan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àpò ńlá kan tí wọ́n fi okùn dì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ pẹ́," ó ní.

Zhivka ní, "Bàbá, ààrò yín ńkọ́?"

"Mo ti fi tọrẹ. Àti adìyẹ. Kí ni n ó fi ààrò ṣe ní Lipa?" Ikọ́ gbé e, ó dúró kí ó lọ. "Láti Oṣù Kẹsàn-án ni mo ti dáhùn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Spaska ìyàwó mi ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ìrúwé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́. Wọ́n ka ìdáhùn mi fún un. Wọ́n ní mo ní rárá. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta la ti jọ wà, obìnrin yẹn wá ń rò pé mo kọ òun."

Zhivka yí padà, ó ní òun ń lọ wá aṣọ ìbora lọ́dọ̀ aládùúgbò, ó sáré jáde.

Mo bi í lẹ́nu. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo kọ ọ́.

"Ìwé náà sọ pé ẹnìkan wò mí," ó ní.

"Èmi ni, Bàbá. Èmi ni mo wò yín. Mo mọ ohun tí ẹ ń sọ, mo sì tẹ òdìkejì."

Ó wò mí. Ojú rẹ̀ ní àwọ̀ omi nígbà tí òjò bá ń bọ̀. Mo dúró de èébú, n bá gbà á bí oúnjẹ.

"Kí ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà?"

Mo wá a. Mo wọ inú gbogbo kùrukùru yẹn lọ, mo ń yí orí kan sápá kan, mo ń yí òmíràn. Kò sí níbẹ̀.

"N kò rántí," mo ní.

 Lẹ́yìn náà ó fi ìka tó le, tó tutù, ṣí bọ́tìnnì ẹ̀wù òtútù tó wọ̀ lókè, ó bọ́ ọ sílẹ̀ sórí àpò. Kóòtù aláwọ̀ omi aró ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kóòtù àwọn awakọ̀ ojú omi, bọ́tìnnì mẹ́fà, ìkẹrin ti já wọ́n sì fi dúdú lásán rọ́pò rẹ̀. Etí apá òsì kóòtù náà ti ya, ẹnìkan fi òwú tó dára rán an, fínnífínní, bí a ṣe máa ń rán an ní ilé iṣẹ́ aṣọ. Ọwọ́ Spaska nìyẹn.

"Nítorí ẹni tó máa wò mí ni mo ṣe wọ̀ ọ́," ó ní. "Wò mí báyìí, kó o lè sọ fún Spaska."

Mo wò ó títí òun fúnra rẹ̀ fi ní ó tó.